Aṣọ Ìgbéyàwó Alápá Mẹ́ta

Ẹlẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín kò wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yóò rò pé wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bí ìgbà tí wọ́n bá ń pe ẹni tó sanra ní Tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ìwé ìròyìn ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ; àwọn oníròyìn kò wo ilé kankan, fọ́tò ni wọ́n wò.

Fọ́tò ọ̀hún nìyí. Ọmọbìnrin kan wọ aṣọ funfun tó tóbi jù ú lọ, wọ́n fi píìnì há a lẹ́yìn kó má baà já bọ́ léjìká rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti ń hu ewú dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín débi pé èèyàn lè ka eyín ẹnu rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni "Ìyàwó kékeré, ayọ̀ ńlá." Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ṣùgbọ́n wọn kò kọ ìyẹn. Wọ́n kọ "ọ̀dọ́bìnrin arẹwà". Wọ́n kọ pé ìfẹ́ kì í wo ọjọ́ orí. Wọ́n tún kọ pé ọkọ ìyàwó, tó jẹ́ oníṣòwò pákó, ti ń bá bàbá ìyàwó ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà èwe wọn. Ẹ ò rí nǹkan! Ó bá bàbá ṣọ̀rẹ́, ó dúró kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bímọ, ó wá fẹ́ ọmọ náà, oníròyìn sì kọ ọ́ bí ẹni pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Kí ló wá pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín? Ayàwòrán ni. Ó ti ń ya á láti àárọ̀, ojú ọmọ kò tú ká. Ló bá bi í pé kí ló fẹ́ràn jù láyé. Ọmọ ní okùn tí òun fi ń fò ni. Àgbàlagbà ọkùnrin yìí ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè tòun ti kámẹ́rà lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sódò láàárín yàrá bíi pé ó ń fo okùn, bàtà rẹ̀ kan bọ́, ó fẹ̀yìn balẹ̀ gbì. Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ló ti ya fọ́tò.

Olùkọ́ ọmọ náà nílé ìwé, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ló gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Adájọ́ pe ọmọ síwájú. Bàbá rẹ̀ jókòó lọ́tùn-ún, ọkọ jókòó lósì. Adájọ́ ní, "Ṣé o fẹ́ ọkùnrin yìí?" Ọmọ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kí lẹ fẹ́ kó sọ? Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, èsì kan ṣoṣo ló wà fún àgbà. Ṣé o ti jẹun? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé o gbọ́ ohun tí mo wí? Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣé ìwọ lo fọ́ ife? Bẹ́ẹ̀ ni, sà, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ife. "Rárá" jẹ́ ọ̀rọ̀ àrífín, ọmọ tó bá sọ ọ́ yóò rí pípọ́n ojú bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì sọ rárá fún àgbàlagbà kankan, wọ́n sì máa ń tìtorí ẹ̀ yìn ín níwájú àlejò. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín nílé ni adájọ́ fi dè é ní kóòtù. Ó gbé ìwé ìròyìn sókè, ó ní, "Ẹ wo ojú rẹ̀. Ṣé ojú ẹni tí wọ́n fipá mú nìyí?" Ó ní bàbá gbà, ìyá gbà, ọmọ náà gbà, kí oníkálukú máa lọ sílé. Olùkọ́ sunkún ní gbangba kóòtù. Ọmọ ń wo olùkọ́ rẹ̀, kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́kún.

Ohun tó fojú rí nílé ọkọ, kò sọ ọ́ fún oníròyìn kankan, kò sì sí ẹni tó máa gbọ́ ọ níbí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Òun kò rín in. Ó dàgbà, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án gangan, ó gba iwájú ibi tí ọkọ ti ń ta pákó kọjá, kí ọkùnrin náà lè rí i pé kì í ṣe sísá ló ń sá. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Ó já fáfá gan-an, nígbà tó sì máa fi pé ogójì ọdún, kò sí ìyàwó tó mọ ohun tó dáa ládùúgbò tí kì í wá rán aṣọ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wà àti èyí tó ń lo iná. Tábìlì tó ń gé aṣọ lé lórí. Díńgí gígùn tó ti ya ní igun kan. Kọ́tìnnì tí àwọn obìnrin máa ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti wọ aṣọ wò. Rédíò wà lórí pẹpẹ. Ètò kan wà lórí rédíò náà tí wọ́n ti máa ń jiyàn bóyá ó yẹ kí ọmọdé lọ sílé ọkọ àbí kò yẹ. Wọ́n á pe ẹni tó ní ó yẹ, wọ́n á pe ẹni tó ní kò yẹ, ẹni tó ń darí ètò á wá fi ohùn dídùn sọ pé ẹ̀yin olùgbọ́ lẹ máa dájọ́. Ẹlẹ́rìn-ín á dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ, á bá rédíò jà. "Bí olè bá wọ ilé bàbá yín, ṣé ẹ máa pe olè náà wá síbẹ̀ kó wá ṣàlàyé tẹnu ẹ̀? Ẹ̀yin aláìnítìjú!" Àwọn tó ń kọjá lọ a máa rò pé oníbàárà ló ń bá jà.

Ohun kan wà tó máa ń ṣe tí aránṣọ mìíràn kì í ṣe. Bí ìyàwó bá wá wọn aṣọ, ẹnikẹ́ni tó bá tẹ̀ lé e wá, ì báà jẹ́ ìyá ọkọ, ìta kọ́tìnnì ni yóò jókòó sí. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Ẹlẹ́rìn-ín á fi téèpù wọn àyà, á wọn ìdí, á wá béèrè bí ẹni tí kò ṣàwàdà rárá, "Ṣé kí n fi apá mẹ́ta sí i?"

Ìyàwó kan ní, "Àǹtí, ṣé alákàn ni mí ni?" Òmíràn ní, "Ẹ dákun, mo fẹ́ lọ sílé ọkọ ní tèmi, mi ò fẹ́ lọ ṣeré orí ìtàgé." Òmíràn rín títí píìnì fi gún un. Gbogbo wọn ló kọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá kọ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín á wá béèrè ti ọkọ. "Òun ńkọ́, ṣé o fẹ́ ẹ?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbà wọ́n gbọ́, torí pé ó ti gbọ́ rárá lẹ́nu wọn.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kápẹ́ńtà àdúgbò wọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló mú un wá. Ẹlẹ́rìn-ín ló ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ yìí láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó rò pé yunifọ́ọ̀mù ni wọ́n tún bá wá.

"Aṣọ ìgbéyàwó la bá wá o," ni ẹ̀gbọ́n bàbá wí, ó ti jókòó.

"Ta ni ìyàwó?"

"Ta lo tún ń wò káàkiri? Òun náà nìyí."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ọmọ náà. Ó dúró ṣinṣin, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ló ń dá tọ́ ọ, kò sì sí ẹni tí kì í yin bàbá náà pé ó mọ ọmọ tọ́. Ọkọ tí wọ́n rí fún un ni oníṣòwò símẹ́ńtì tó wà ní kọ́ńà, ẹni tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà pẹ̀lú ìyàwó yìí ní kíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún mélòó lẹ sọ pé ó jẹ́?"

"Bàbá rẹ̀ ti búra sí i, ó ti gbàwé. Ọdún méjìdínlógún. Aṣọ la ní kí o rán, a ò ní kí o kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹ̀."

Ẹlẹ́rìn-ín lè lé wọn jáde. Ó sì wù ú bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí ó bá lé wọn, aránṣọ tó wà ní òpópónà kejì yóò rán an, ìgbéyàwó yóò sì wáyé, kò sí ohun tí ìbínú rẹ̀ máa dá dúró. Ó mú téèpù, ó mú ọmọ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Ṣé kí n fi apá mẹ́ta sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹlẹ́rìn-ín rò pé ọmọ náà kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ, ó fi ọwọ́ ka apá fún un, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

"Iwájú ni kí n fi ẹ̀kẹta sí, àbí ẹ̀yìn?"

"Ibi tó bá wù yín, mà."

"Ọkọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ohùn kan náà ni. Kò fi ohunkóhun yàtọ̀ sí ti apá aṣọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ejò gan-an ni Ẹlẹ́rìn-ín rí yìí, òun kò sì ní sá.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé kò wá òfin lọ. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá níbẹ̀ ń gé èékánná. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Màdáámú, ìwé ìbúra wà, bàbá gbà, ọmọ náà gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ fẹ́ kí n kọ sílẹ̀?"

"Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í níbi tí bàbá rẹ̀ kò sí."

"Ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn. Ẹ lọ máa rán aṣọ yín."

Ó ní ó dáa, òun ń lọ rán aṣọ òun.

Ó sì rán an. Kò fi ìbínú ba iṣẹ́ jẹ́. Léèsì tó dáa jù ló fi rán an, ó ṣẹ́ etí rẹ̀ wínníwínní, ó to bọ́tìnnì kéékèèké láti ọrùn dé ìdí. Apá ọ̀tún, apá òsì. Láàárín ẹ̀yìn ló rán ẹ̀kẹta mọ́, ó gùn, ó ní ọwọ́ léèsì lẹ́nu bí àwọn tó kù. Ó gé ara aṣọ kó tó rán an mọ́ ọn, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tú u, ihò ńlá ló máa kù sí ẹ̀yìn ìyàwó. Ó lọ̀ ọ́, ó dì í sínú páálí, ó so ó.

Àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n tó tú páálí náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló kọ́kọ́ rí i, igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì jáde. Ó ní àwọn kò gbé ìyàwó tó ní apá lẹ́yìn, ẹni tó rán irú èyí ní ohun tó rí. Wọ́n ṣàròyé, wọ́n wá aṣọ yá, èyí tí wọ́n rí kò bá a mu. Wọ́n sún ìgbéyàwó síwájú di òpin oṣù. Kápẹ́ńtà kò padà sílé, kóòtù ló gbà lọ tààrà. Ó fẹ́ kí adájọ́ pàṣẹ fún aránṣọ náà kó rán òmíràn kí ọjọ́ tuntun tó pé.

Àwọn oníròyìn gbọ́, inú wọn dùn. "Aránṣọ olórí dídàrú ba ọjọ́ ayọ̀ jẹ́," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́. Wọ́n kọ iye bọ́tìnnì ara aṣọ. Wọ́n kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ sọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè ọjọ́ orí ìyàwó. Àwọn oníbàárà méjì wá gba aṣọ wọn lọ́wọ́ Ẹlẹ́rìn-ín láìtíì rán an. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, kóòtù kún fọ́fọ́, torí pé ẹni tí wọ́n bá ní kó wá rín èèyàn kì í pẹ́ dé. Aṣọ náà wà lórí tábìlì níwájú adájọ́, apá kẹta rẹ̀ rọ̀ dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀. Kápẹ́ńtà wọ agbádá, ó ro ẹjọ́ rẹ̀ dáadáa. Adájọ́ kọjú sí aránṣọ.

"Ṣé ìwọ lo rán èyí?"

"Èmi ni, Olúwa mi. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ ò ní rí òwú kan tó tú."

"Mi ò béèrè òwú. Ta ló ní kí o fi apá kẹta sí i?"

"Ìyàwó ni. Mo bi í, ó gbà. Ó wà níbẹ̀ yẹn, ẹ pè é."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ lu tábìlì. Ó pe ọmọ náà, ọmọ wá, ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn.

"Ṣé obìnrin yìí bi ọ́ pé ṣé kí òun fi apá mẹ́ta sí aṣọ rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kápẹ́ńtà kò lè mú un mọ́ra, ó fò dìde. "Olúwa mi, bó ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nìyẹn! Bí ẹ bá bi í pé ṣé kí wọ́n gbé e jù sínú kànga, bẹ́ẹ̀ ni, sà, ló máa sọ! Ọmọdé ni! Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ló mọ̀? Àgbàlagbà wo ló ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu irú ọmọ bẹ́ẹ̀?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣe é kó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fa gèlè bojú. Oníṣòwò símẹ́ńtì, tó ti jókòó sẹ́yìn láti àárọ̀ bí ẹni iyì, bẹ̀rẹ̀ sí í wá fìlà rẹ̀. Kápẹ́ńtà fúnra rẹ̀ ṣì dúró, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ojú àwọn èèyàn láti mọ ohun tí òun sọ.

Ẹlẹ́rìn-ín dìde.

"Olúwa mi, mi ò ní ẹlẹ́rìí mìíràn, bàbá rẹ̀ ti jẹ́rìí fún mi. Nínú irú yàrá yìí ni wọ́n ti bi èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, wọ́n sì mú mi lọ. Wọ́n gbé fọ́tò mi sókè pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ayàwòrán tó ṣubú ni mo rín, mi ò rín sí ọkọ kankan. Gbogbo yín lẹ ti fi ẹ̀rín yẹn pè mí lórúkọ títí di òní. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní tèmi. Bí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yìí kò bá tó fi rán apá aṣọ, báwo ló ṣe tó fi gbé e fọ́kọ?"

Adájọ́ wo aṣọ náà pẹ́, ó wá ní kí kápẹ́ńtà mú ìwé tó fi búra pé ọmọ òun ti pé ọdún méjìdínlógún wá. Kápẹ́ńtà ní ó wà nílé. Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá bá a lọ sílé lọ mú un, kó sì padà wá ṣàlàyé ìbúra náà. Ó ní kò ní sí ìgbéyàwó lópin oṣù, kò sì ní sí i lóṣù mìíràn. Kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, kó sì padà sí ilé ìwé. Ní ti ẹjọ́ aṣọ, ó ní kí aránṣọ gbé aṣọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì òun.

Ìta kóòtù ni àwọn oníròyìn ti ká wọn mọ́. Lójijì ni ìròyìn náà yí padà, aránṣọ olórí dídàrú di akọni. Ayàwòrán kan, ọ̀dọ́ tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ kápẹ́ńtà.

"Àbúrò mi àtàtà, gbogbo ayé fẹ́ rí ayọ̀ rẹ. Rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún wa. Ṣé o gbọ́?"

Ọmọ náà la ẹnu. Èsì tó ti mọ̀ láti kékeré ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀, ẹni tó bá wò ó á rí i. Ó wo Ẹlẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín gbé aṣọ náà lé apá, ó kọ ojú síbòmíràn. Ó wù ú kó bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ náà ló ni èsì yẹn.

"Rárá, sà," ni ọmọ náà wí.

Ohùn náà kéré débi pé ayàwòrán sún mọ́ ọn. "Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, sà. Ẹ má yà mí."

Ó ti tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Òun gan-an gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu òun, ojú rẹ̀ là, ó sì wo ọ̀run bóyá yóò já lulẹ̀. Ọ̀run kò já. Ẹ̀rín gbá Ẹlẹ́rìn-ín mú, kò mọ ìgbà tó bú jáde, ó rín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, eyín ẹnu rẹ̀ hàn tán bí ti ìgbà náà lọ́hùn-ún. Ayàwòrán mọ ohun tó níye lórí, wéré ló yí kámẹ́rà sí i. Ẹlẹ́rìn-ín kò dá ẹ̀rín náà dúró, ó kàn na apá kẹta aṣọ náà bo ojú kámẹ́rà.

Fọ́tò tó jáde nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì, léèsì funfun ló kún inú rẹ̀, kò sí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.